Orin Ìjọ Kẹtàdínlógójì

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹfà 2024

Àwọn ohun tí kò jẹ́ kí n sùn láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀:

Òkun. Lánàá mo fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà mi dé etí omi. Ìṣísẹ̀ mọ́kànlélọ́gọ́rin. Nígbà ọdún Àjíǹde, ó lé ní ọgọ́rùn-ún.

Òpó kejì lábẹ́ ilé ìdáná, tó ń mì bí eyín arúgbó.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi tó ku ẹyọ mẹ́sàn-án.

Dùnníolúwa ọmọ mi, tó ní kí n kó wá bá òun ní Àkúrẹ́, tó sì ti kun yàrá dè mí láì bi mí ní irú àwọ̀ tí mo fẹ́.

Kọ̀ǹpútà. Èyí ló pọ̀ jù. Lánàá mo tàn án, mo lọ wẹ̀, mo jẹ púpurú tán, mo padà dé, ó ṣì ń yí òrùka rẹ̀ kiri. Bí ó bá kú, orin igba ó lé mẹ́rìnlá ni yóò bá a lọ, nítorí omi ọdún 2019 ti gbé àwọn kásẹ́ẹ̀tì tí mo ti inú wọn dà wọ́n sí kọ̀ǹpútà lọ. Èyí tó ṣìkẹtàdínlógójì nínú wọn, ohùn Rúùtù ni. Yóò pé ọdún márùn-ún ní oṣù Kẹsàn-án tí ìyàwó mi ti sùn. Mo ní fọ́tò rẹ̀ mẹ́rin. Fọ́tò kì í sọ̀rọ̀.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí orí mi lè fúyẹ́. Kò fúyẹ́.


Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kẹfà

Alàgbà Pọ́ọ̀lù, akọ̀wé Ìjọ, yà sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀. Kò jókòó. Ó dúró lórí afárá pákó, ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ gún un wò bí ẹni tó fẹ́ rà á.

“Mátíù, omi ti wọ ẹ̀yìn ọ́fíìsì. A ó kó ẹrù ibẹ̀ kúrò kí oṣù yìí tó parí. Láptọ́ọ̀pù ń lọ sí ilé ìwé.”

“Orin inú rẹ̀ ńkọ́?”

“Ohun tí mo bá wá nìyẹn. Ìwọ ni olùtọ́jú ohùn láti ọdún 1979. Kó wọn sọ́dọ̀ rẹ, kó wọn pọ̀ mọ́ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ, kí gbogbo rẹ̀ wà lójú kan.”

Mo sọ fún un pé kọ̀ǹpútà mi kò lè ru ẹrù ara rẹ̀, kí a má tíì sọ ti àlejò. Ó ní kí n wá nǹkan ṣe sí i. Ó lọ.

Olóògbé Kòkúmọ́ ló da orin sínú láptọ́ọ̀pù yẹn nígbà ayé rẹ̀. N kò bi í rí pé èwo ni ó dà. Ta ni í bi irú ìyẹn? Orin Ìjọ ni.

Lítà epo bẹntiróòlù kan ti di ẹgbẹ̀rún kan náírà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀. Jẹnẹrétọ̀ mi yóò máa gbààwẹ̀.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹfà

Mo lọ sí Ìgbókòdá. Mo fi nálọ́ọ̀nù mẹ́ta wé àpótí kọ̀ǹpútà náà, mo fi ìró Rúùtù kan wé nálọ́ọ̀nù, mo sì gbé e lé itan títí a fi gúnlẹ̀. Mo rò ó pé bí ọkọ̀ bá dojú dé, n óò di àpótí yìí mú, àwa méjèèjì a jọ rì. Obìnrin tó jókòó tì mí ní, “Bàbá, ọmọ yín yìí mà dákẹ́ o.” Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Moríkẹ́ ló ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí èbúté. Ìwó ló ti wá, ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀. Ó tú ẹ̀gbẹ́ àpótí náà, ó wo inú rẹ̀, ó sì wo ojú mi.

“Bàbá, ṣé inú òkun lẹ ti ń lò ó ni?”

“Òkun ló ń bọ̀ wá bá a.”

Ó yọ mẹ́mórì rẹ̀ fún mi. Pátákó pẹlẹbẹ kan ni, kò fẹ̀ ju ìka mi méjì lọ, eyín wẹ́wẹ́ wà ní etí rẹ̀ kan. Eyín náà ti di aláwọ̀ ewé.

“Iyọ̀ ló jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Gígábáìtì kan péré ló sì wà lára rẹ̀. Ẹ̀yin ẹ gbé ẹrù ẹni mẹ́rin lé ẹnì kan lórí, ẹ wá ń bínú pé kò sáré.”

Mo nawọ́ sí ọ̀kan tó wà nínú gíláàsì rẹ̀, tí owó rẹ̀ kéré. Ó gbé e sún mọ́ ojú ihò kí n lè rí i. Àlàfo tó wà láàárín eyín rẹ̀ kò bá ti ihò mu.

“Ti kọ̀ǹpútà òde òní nìyí. Bí ẹ bá fi ipá tì í, ẹ ó fọ́ ẹnu rẹ̀. Irú tiyín yóò dé láti Àkúrẹ́ lọ́jọ́rú, gígábáìtì méjì-méjì, ẹyọ méjì. Ẹ fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ fún mi.”

“N kò ní fi sílẹ̀.”

“Bàbá, n kò ní jẹ ẹ́.”

“Mo mọ̀. N kò ṣáà ní fi sílẹ̀.”

Ó wò mí títí, ó mí kanlẹ̀, ó sì kọ́ mi bí n óò ṣe fi í sí i fúnra mi. Kí n fọwọ́ kan irin àpótí ná kí n tó mú mẹ́mórì, kí iná ara mi má baà bà á jẹ́. Kí n mú un ní etí, kí n má fọwọ́ kan eyín rẹ̀. Kí n tì í wọlé títí n óò fi gbọ́ kí ó dún kọ́, kọ́, lọ́tùn-ún àti lósì. Ó fún mi ní rọ́bà ìparẹ́ àwọn ọmọ iléèwé, ó ní bí eyín bá tún hu ewé, òun ni kí n fi nù ún.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá náírà fún méjèèjì. Mo san án ṣáájú, mo sì ń rò ó láti ìgbà náà pé bí ó bá gbé owó mi sá lọ, bóyá Ìwó jìnnà.


Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kẹfà

Òjò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìṣísẹ̀ mẹ́rìndínlọ́gọ́rin.


Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kẹfà

Ìwó kò jìnnà. Ọlọ́kọ̀ gbé mẹ́mórì náà dé láàárọ̀, Moríkẹ́ wé e sínú bébà dídán, ó sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé: “Bàbá, kọ́ lẹ́ẹ̀mejì.”

Mo fọwọ́ kan irin. Mo tì í. Mo gbọ́ kọ́ ọ̀tún, n kò gbọ́ ti òsì. Mo rò pé etí mi ni. Mo tàn án. Ó ké lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Àyà mi náà ké. Mo pa á, mo yọ ọ́, mo mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tuntun, mo fi fọ inú ihò, mo tún tì í títí àtàǹpàkò mi fi dùn mí. Kọ́. Kọ́.

Kí n tó ka Bàbá Wa Tí Ń Bẹ ní Ọ̀run tán, ó ti ṣí. Mo pa á, mo tún un tàn, mo tún un kà, bóyá mo sáré kà á ni. Rárá, ó ṣí.

Mo ṣe ohun tí n kò ṣe láti oṣù Kẹta: mo fi orin kẹtàdínlógójì sí i. Rúùtù wúkọ́ díẹ̀. Ó ní, “Mátíù, ṣé ó ti ń gbà?” Mo wá gbọ́ ara mi, ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, mo ní, “Ó ti ń gbà. Kọ ọ́.” Ó sì kọ ọ́.

Ní ọdún 1983 yẹn, àwọn àgbà ní kí n gé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn kúrò, pé kò yẹ kí orúkọ ènìyàn wà nínú orin Ìjọ. Mo ní n óò gé e. Ọdún kọkànlélógójì rèé, n kò tíì ráyè.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kẹfà

Mo ti kó orin ọ́fíìsì dé. Fíláàṣì ni mo fi kó wọn, ọgọ́sàn-án orin, mo sì ní kí kọ̀ǹpútà dà wọ́n sínú fódà tèmi. Ó bi mí ní ìbéèrè kan: ohun tó ń jẹ́ Orin Ìjọ 1 ti wà níbẹ̀, ṣé kí n fi èyí rọ́pò rẹ̀?

Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Orin Ìjọ 1 ni Orin Ìjọ 1. Ìkòkò kan ni a fi ń se oúnjẹ gbogbo ìlú nígbà tí mo wà ní kékeré. Bí wọ́n bá gé aṣọ, ìgàn aṣọ kan náà ni wọ́n ti ń gé e fún gbogbo wa. Ohun tí a bá ti pè ní ti Ìjọ, kì í ní ìkejì. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún bi mí nípa ìkejì, mo tún tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Mo wá rí ibi tí ènìyàn ti lè dá gbogbo rẹ̀ lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà, mo tẹ̀ ẹ́.

Ìṣẹ́jú mẹ́fà péré. Lóṣù tó kọjá, ìdajì ọjọ́ ni ìyẹn ì bá gbà. Mo ránṣẹ́ sí Pọ́ọ̀lù pé iṣẹ́ ti parí. Mo sùn fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ọ̀sẹ̀ yìí.


Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kẹfà

Kò sí níbẹ̀.

Mo tẹ orin kẹtàdínlógójì. Ohùn ọkùnrin ló jáde, wọ́n ń kọrin ìkórè, dùùrù ń tẹ̀ lé wọn. Kò sí ikọ́. Kò sí ẹni tó pè mí. Mo tẹ ẹ̀kẹrìndínlógójì, mo tẹ ẹ̀kejìdínlógójì, mo tẹ ẹ̀kíní. N kò mọ ìkankan nínú wọn. Láti orí ọgọ́sàn-án ó lé ọ̀kan lọ, tèmi ló wà níbẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ọgọ́sàn-án, ti Kòkúmọ́ ni.


Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kẹfà

N kò jẹun. Òjò.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kẹfà

Mo tún gbé àpótí náà lọ sí Ìgbókòdá. Lọ́tẹ̀ yìí n kò rántí bẹ̀rù omi. Moríkẹ́ jókòó tì í fún wákàtí mẹ́ta. Oníbàárà méjì wá, ó lé wọn lọ. Nígbà tó yá, ó gbé ọwọ́ kúrò lórí máòsì.

“Bàbá, bí ó bá jẹ́ pé ẹ kàn nù wọ́n kúrò ni, ǹ bá wá wọn rí. Ṣùgbọ́n ẹ kọ nǹkan mìíràn lé wọn lórí. Bí ẹni kọ lẹ́tà sórí lẹ́tà ni. Mo rí márùn-ún, wọ́n sì ti já sí wẹ́wẹ́.”

“Ṣé ẹ̀kẹtàdínlógójì wà nínú márùn-ún yẹn?”

Ó mi orí pé rárá. Ó wá bi mí pé, “Kí ló dé tí ẹni méjì fi sọ orin wọn ní orúkọ kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀? Kí ló dé tí ẹ kò kọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ sí i?”

“A kì í kọ orúkọ sí i. Ti Ìjọ ni.”

“Ẹnu Ìjọ kọ́ ló fi kọ ọ́, Bàbá. Ẹnu ẹnì kan ni.”

Inú bí mi sí i. Títí mo fi dé ilé ni inú ń bí mi, n kò sì mọ̀ bóyá òun ni inú ń bí mi sí mọ́.

Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n lọ ronú ẹni tí mo ti fún ní ẹ̀dà rí. Mo ní n kò fún ẹnikẹ́ni. Ó ní kí n lọ ronú náà.


Ọjọ́ Ìsinmi, 30 Oṣù Kẹfà

Dùnníolúwa pè lẹ́yìn ìsìn. Mo gùn dé orí afárá èbúté kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dúró.

“Bàbá mi, ẹ ṣì wà níbẹ̀. Orin lẹ fẹ́ torí rẹ̀ bá omi lọ?”

“Mo ń wá a.”

“Màmá tó kọ ọ́ kò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀.”

“Màmá rẹ bi mí bóyá ó ti ń gbà. Mo dá a lóhùn pé ó ti ń gbà. Orí ọ̀rọ̀ yẹn ló fi kọrin. Ṣé o fẹ́ kí n di òpùrọ́ lójú rẹ̀ ni?”

Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já. Ó wá ní, “Àwọ̀ búlúù ni mo kun yàrá náà. Kí ẹ má tún ní n kò sọ fún yín.”


Ọjọ́bọ̀, 4 Oṣù Keje

Omi gbé ilé ìwẹ̀ mi lọ lánàá, pẹ̀lú korobá àti kànìnkànìn. Mo dúró wò ó bí ó ṣe ń léfòó lọ. Bí korobá náà ṣe ń yí lójú omi ni mo rántí.

Tẹ́ní.

Òun àti Rúùtù jọ kọrin fún ogún ọdún, èjìká sí èjìká. Ní ọdún 2015, nígbà tí omi gba ilé òun àti Ayọ̀délé ọkọ rẹ̀, wọ́n kó lọ sí Abereke. Ó ra rédíò kékeré tó ń lo káàdì, ó gbé e wá, ó ní, “Mátíù, da ìlú wa sínú èyí fún mi.” Mo da gbogbo orin igba ó lé mẹ́rìnlá sí i. N kò kà á sí ẹ̀dà. Mo kà á sí oúnjẹ ọ̀nà fún ẹni tó ń rìnrìn àjò.

Ìdí tí n kò fi rántí rẹ̀ wà, n óò kọ ọ́ síbí nítorí kò sí ẹni tó ń kà á. Ayọ̀délé kú ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ mi ni. Mo wọ aṣọ tán lọ́jọ́ ìsìnkú, mo dé èbúté, òkun ń ru, mo padà. Láti ọjọ́ náà, bí orúkọ Tẹ́ní bá wá sí mi lọ́kàn, mo máa ń wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Keje

Fóònù Tẹ́ní kò lọ. Mo rán Rhoda, tó ń kó edé gbígbẹ láti Abereke. Mo kọ iṣẹ́ náà sínú ìwé fún un. Ó ní òun kò nílò ìwé, obìnrin ni òun, òun lè rántí ọ̀rọ̀. Edé gbígbẹ ti gbówó lórí, àmọ́ ó fún mi ní ẹ̀kúnwọ́ kan. Mo rò pé àánú mi ló ṣe é.


Ọjọ́rú, 17 Oṣù Keje

Rhoda dé. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí, ó sì sọ ọ́ bí Tẹ́ní ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ gan-an:

“‘Sọ fún Mátíù pé rédíò ti kú. Iyọ̀ pa á. Ṣùgbọ́n káàdì wà, inú ìgò ìrẹsì ni mo fi sí kí ọ̀rinrin má baà mú un. N kò ní fi lé ìwọ lọ́wọ́, Rhoda, n kò sì ní fi lé ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó ń wá ohùn aya rẹ̀, kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Kí ó sì kọ́kọ́ wá jókòó síbi tí kò jókòó lọ́jọ́ tí a sin Ayọ̀délé.’”

Mo bi í bóyá inú ń bí Tẹ́ní nígbà tó ń sọ ọ́.

“Rárá o, Bàbá. Ó ń gé ẹja. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.”

Èyí burú ju ìbínú lọ.


Ọjọ́ Ìsinmi, 21 Oṣù Keje

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ orúkọ sí àwọn orin tó kù. Mo ń fetí sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń yí orúkọ wọn padà: ẹni tó gbé e, ọdún tó gbé e. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ṣe. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà obìnrin lẹ́yìn ìsìn nípa ohùn méjì tí n kò dá mọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì dé etí Pọ́ọ̀lù kí ọbẹ̀ ọ̀sán tó jinná. Ó wá. Lọ́tẹ̀ yìí, ó jókòó.

“Mátíù, a gbọ́ pé o ń kọ orúkọ ènìyàn sí orin Ọlọ́run.”

“Mò ń kọ ọ́.”

“Orin Ìjọ kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni.”

“Mo mọ̀. Bí ọgọ́sàn-án ṣe sọnù nìyẹn, Alàgbà. Ohun tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, bí ó bá lọ, kò sí ẹni tó ń wá a.”

“Àwọn bàbá wa kò dá ìlú sílẹ̀ ní ọdún 1947 kí oníkálukú lè máa nàka sí i pé tèmi rèé, tìrẹ rèé.”

“Òkun ńkọ́? Ṣé lórúkọ Ìjọ ló ń kó ilé wa ni? Ilé Kòkúmọ́ ló kọ́kọ́ kó. Lẹ́yìn rẹ̀, ilé Ayọ̀délé. Ilé ìwẹ̀ mi ló kó lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ó mọ orúkọ gbogbo wa.”

Ó fi ọ̀pá rẹ̀ gbá ilẹ̀ pákó. Ó ní ìgbìmọ̀ lè gba kọ̀ǹpútà náà lọ́wọ́ mi, nítorí Ìjọ ló rà á ní ọdún 2008.

Mo ní, “Ẹ wá gbé e. Ṣùgbọ́n mo fi owó ara mi ra mẹ́mórì rẹ̀. Ẹ ó bá mi yọ ìyẹn sílẹ̀.”

Ó dìde. Ó ti dé orí afárá kí ó tó yíjú padà, kò wo ojú mi, etí omi ló ń wò.

“Nínú ọgọ́sàn-án tó lọ yẹn. Orin ọdún 1980 kan wà níbẹ̀, orin Ọjọ́ Ẹtì Rere. Ẹnì kan fi ohùn ìsàlẹ̀ dá kọ ẹsẹ kẹta.”

“Ẹ̀kọkànlélọ́gọ́rin.”

“O rántí ẹni tó kọ ọ́?”

“Mo rántí, Alàgbà.”

Kò bi mí ní orúkọ ẹni náà. Ó lọ sílé rẹ̀.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30 Oṣù Keje

Mo kó àwọn tí mo ti kọ orúkọ sí sínú fíláàṣì méjì. Ọ̀kan wà lọ́rùn mi. Rhoda gbé èkejì dé ọ̀dọ̀ Moríkẹ́, Moríkẹ́ sì pè mí pé òun ti kó wọn sínú kọ̀ǹpútà òun náà. Ó ń gbọ́ ọ̀kan bí ó ṣe ń tún nǹkan ṣe. Ó ní, “Bàbá, ta ni Màmá Ìtẹ́olúwakìṣí tó kọ èyí? Ṣé wọ́n ṣì wà láyé?” Mo ní ó ṣì wà láyé, ó ń ta gààrí, ó sì máa ń fi òṣùwọ̀n yan ènìyàn jẹ. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ẹni tí kò dé ìlú wa rí ti mọ ẹnì kan níbẹ̀ lórúkọ.

Ó ní òun yóò yá mi ní láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ dára, kí n gbé e dé Abereke, kí n dà á níbẹ̀. Kí n fi káàdì sílẹ̀ fún onílé. “Ẹ má gbé ẹyọ kan ṣoṣo gun omi láéláé. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ lẹ́yìn kí ẹ tó gbéra.”

Ìṣísẹ̀ ọgọ́ta ó lé mẹ́ta.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Oṣù Kẹjọ

Mo dé èbúté láago mẹ́fà ààbọ̀ pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù nínú nálọ́ọ̀nù mẹ́ta. Òkun ga. Kọ́lájọ tó ń wa ọkọ̀ ní, “Bàbá, ó ga, àmọ́ kò burú.” Mo bi í pé kí ni ìyàtọ̀. Ó ní, “Ẹ wọlé, ẹ ó rí ìyàtọ̀.” Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún wọ ọkọ̀. Mo tún gbé e jáde.

Ọkọ̀ náà dé Abereke láyọ̀. Rhoda wà nínú rẹ̀.


Ọjọ́ Ajé, 12 Oṣù Kẹjọ

Ọ́fíìsì ti lọ. Ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ wó láàárọ̀ yìí nígbà tí a wà nínú àdúrà, a gbọ́ ọ, kò sí ẹni tó ṣíjú. Lẹ́yìn àmín, gbogbo wa jáde lọ wò ó. Ọmọdé kan ń ka ìgbì.

Mo padà sílé, mo tan kọ̀ǹpútà. Kí n tó ka ìlàjì àdúrà, ó ti ṣí. Mo la fódà tuntun kan. Mo mú ìwé, mo jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, mo kọ orúkọ orin mi ọgọ́sàn-án tó lọ, ohun tí mo rántí nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan: ẹni tó gbé e, ọdún, ẹni tó wúkọ́, ẹni tó ṣi ẹsẹ kejì kọ. Mo rò pé n óò rántí ogún. Mo rántí ọgọ́jọ ó lé mẹ́ta. Ààyè ti wà fún wọn, ó ku kí wọ́n dé.

Bí mo ṣe ń kọ èyí ni Pọ́ọ̀lù dé. Ó gbé ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tó nípọn kan lọ́wọ́, irú èyí tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Wọ́n fi ọ̀dà dúdú kọ TI ÌJỌ sí i lẹ́yìn.

“Ìgbìmọ̀ kò mọ̀ pé mo gbé e wá,” ó ní. “Dá a padà.”

“N óò dá a padà.”

“Bí o bá dé ibẹ̀, bá mi kí Tẹ́ní. Kí o sì wò ó bóyá ẹ̀kọkànlélọ́gọ́rin wà.”

Mo ní bí ó bá wà, orúkọ wo ni kí n kọ sí i?

Ó wo òkun. Ó ní, “Kọ èyí tí ìyá mi sọ mí.”

Dùnníolúwa ní kí n dúró di oṣù Kẹwàá kí omi rọlẹ̀. N kò ní dúró. Ẹ̀dà kan yóò wà lọ́dọ̀ Tẹ́ní, ọ̀kan lọ́dọ̀ Moríkẹ́, ọ̀kan lọ́dọ̀ mi, ọ̀kan yóò sì lọ gbé inú yàrá búlúù ní Àkúrẹ́. Àwọn orin lè ṣí lọ. Ti èmi, a ṣì ń sọ ọ́.

Mo ti ra àkàrà gbígbẹ tí Ayọ̀délé fẹ́ràn, mo mọ̀ pé kò lè jẹ ẹ́. N óò jókòó síbi tí n kò jókòó. N óò jẹ́ kí Tẹ́ní sọ ohun tó fẹ́ sọ títí yóò fi tán, n kò ní wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Lẹ́yìn náà ni n óò béèrè ìgò ìrẹsì.

Àyà ń já mi. Kí ó máa já. Òpó kejì ṣì ń mì, oògùn tí mo tún rà ti ku mẹ́rin, Kọ́lájọ sì ti ní òkun lè tún ga. Mo ti sọ fún un pé kí ó fi ààyè ẹnì kan sílẹ̀ ní àárín ọkọ̀, kí ó sì má bi mí ní nǹkan kan títí ẹsẹ̀ mi méjèèjì yóò fi wọlé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹjọ, aago méje òwúrọ̀, ni mo ń lọ.